Ẹni Tó Ní Òun Ń Pè Láti Ọ́fíìsì Nẹ́tíwọ̀kì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Jìbìtì Orí Fóònù

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tí ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó wá síbí, ẹ kú ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí ẹ jókòó níwájú, owó ìfẹ̀yìntì yín ò ní bọ́ sọ́wọ́ olè o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ wá ibi jókòó, nítorí iṣẹ́ ń bẹ fún yín kí a tó túká.

Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ló wà níbí tí wọn ò tíì pè rí, kí ẹni tó wà lódì kejì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ káàsán mà, láti ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì yín la ti ń pè"? Ẹni tí wọn ò bá tíì pè rí, kó nawọ́ sókè. Ẹ wò yíká. Ẹ ò rí ọwọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ni. Òun ni pé ìpè tó wọlé kì í ṣe ẹ̀rí. Ohùn òyìnbó tó ń sọ kì í ṣe ẹ̀rí. Orúkọ tó hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Pé ó mọ orúkọ yín àti ti bàbá yín kì í ṣe ẹ̀rí. Ìpè tí ẹ̀yin fúnra yín pe sí 300 ni ẹ mọ ibi tó ń lọ. 300 yìí kan náà ni nọ́mbà ìtọ́jú oníbàárà lórí MTN, lórí Airtel, lórí Glo àti lórí 9mobile tó ti di T2, nítorí àjọ NCC tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa ti mú kí kọ́ọ̀dù gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó bá pè yín, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ yín lóminú, ẹ gé e. Ẹ pe 300, kí ẹ bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Ẹ gé e, ẹ pe 300. Bí ẹ bá gbàgbé ohun gbogbo tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí irọ́ yìí fi ń wọ àwọn ọlọ́gbọ́n létí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé olójúkòkòrò nìkan ni gbájúẹ̀ ń rí mú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí, torí ìtìjú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì tètè ké gbàjarè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wá owó ọ̀fẹ́ kankan. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, kí láìnì wọn má kú.

Ẹ̀rù yẹn sì ní ìdí. Ẹ rántí December 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so síìmù rẹ̀ mọ́ NIN. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sún un. Wọ́n dá òmíràn, wọ́n tún sún un. Nígbà tó di 4 April 2022, àwọn láìnì tí kò tíì so mọ́ NIN ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2024, ìgé mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní 28 February. Ní ìparí oṣù July ọdún yẹn, àìmọye èèyàn jí láàárọ̀, wọ́n rí i pé láìnì wọn ti dákẹ́, ọ̀nà ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́. 14 September 2024 ni wọ́n wá pè ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí, tí ẹnì kan wá pè é pé "láìnì yín máa kú ní aago méjì òní," ṣé ẹ lè dá a lẹ́bi pé àyà rẹ̀ já? Gbájúẹ̀ ò dá irọ́ náà sílẹ̀ látinú afẹ́fẹ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òótọ́, ó wá pa irọ́ tirẹ̀. Ìròyìn ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí 5G dé ní 2022, ọ̀nà ti là fún ẹni tó fẹ́ sọ pé "a fẹ́ bá yín sọ síìmù yín di 5G." Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gé ní 14 March 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège káàkiri, ọ̀nà là fún ẹni tó fẹ́ sọ pé "a fẹ́ fi dátà tù yín nínú." Nígbà tí NCC gbà kí owó ìpè àti dátà lọ sókè ní January 2025, ọ̀nà tún là. Nítorí náà, ẹ kọ́ ara yín ní àṣà kan: bí ìròyìn kan bá jáde nípa nẹ́tíwọ̀kì láàárọ̀, kí ẹ máa retí olè nírọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá NIN rẹ̀ ti so, kó má dúró de ìpè. Kó fi síìmù náà gan-an tẹ *996#, kó tẹ̀ lé ohun tó bá jáde, tàbí kó rin dé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ óò bi mi báyìí ni pé: "Báwo ló ṣe mọ orúkọ mi látòkè délẹ̀?" Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbà fún un. Bí ẹ bá ní àkáǹtì OPay tàbí PalmPay, lọ́pọ̀ ìgbà nọ́mbà fóònù yín, tí a bá yọ òdo iwájú kúrò, òun náà ni nọ́mbà àkáǹtì yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ibi ìfowóránṣẹ́, tó tẹ nọ́mbà mẹ́wàá yẹn, orúkọ yín á jáde kedere, kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà ṣi owó fi ránṣẹ́. Olè náà ń jẹ nínú rẹ̀. Kò ju kí ó tẹ nọ́mbà yín síbẹ̀, kó ka orúkọ, kó wá pè yín: "Ṣé mo ń bá Alàgbà Báyìí-báyìí sọ̀rọ̀?"

Orúkọ tó ń jáde lórí Truecaller ńkọ́? Ẹni tó ni nọ́mbà lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Àwòrán nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí WhatsApp rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e síbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ pàápàá, wọ́n lè fi orúkọ nẹ́tíwọ̀kì ṣe orúkọ olùfiránṣẹ́, kó sì lọ bọ́ sábẹ́ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tòótọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ti fi ránṣẹ́ sí yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó ń wá lọ́wọ́ yín

Mo bọ́ sí ìpín kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ díẹ̀díẹ̀ níbí.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó wà lórí fóònù yẹn, inú yàrá kan ló jókòó sí níbi tó jìnnà sí yín. Fóònù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Síìmù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nílò kí ẹ̀yin ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta fún un: kí ẹ ka nǹkan fún un, tàbí kí ẹ tẹ nǹkan fún un, tàbí kí ẹ gbé nǹkan sórí fóònù yín. Bí ẹ ò bá ṣe ọ̀kankan, kò ní ohun tó lè fi ìpè yẹn ṣe, ì báà pariwo, ì báà bú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkà. Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tó ń ta aṣọ. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró sí i lórí, fóònù dún. Ọkùnrin náà pe orúkọ rẹ̀ pé, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní: "Mà, NIN yín ò bá orúkọ tó wà lórí síìmù mu. A fẹ́ tún un ṣe báyìí. Ẹ má gé ìpè o, bí ẹ bá gé e, láìnì á kú, ó di kí ẹ lọ kọ́ọ̀tù lọ búra. Nọ́mbà mẹ́fà kan máa wọlé sí yín, ẹ kà á fún mi." Nọ́mbà sì wọlé lóòótọ́! Ìyá náà ka 4, ó ka 7, ó ka ìyókù. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní ó ti parí.

Níbo ni nọ́mbà mẹ́fà yẹn ti wá? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì. Nígbà tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì ń tẹ nọ́mbà ìyá yìí sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀, tàbí sínú áàpù báǹkì. WhatsApp tàbí báǹkì ló fi OTP, ìyẹn nọ́mbà àṣírí ìgbà kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí ìyá náà, láti bi í léèrè bóyá òun ló ń wọlé. Bó bá kà á jáde, ó ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo pé kí ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà nìkan ni a máa ń kà, a kì í ka ọ̀rọ̀ tó yí i ká.

Kí ló dé tó fi ní "ẹ má gé ìpè"? Ìdí méjì ni. Èkíní, OTP kì í pẹ́ kú, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ pe ọmọ yín láti bi í, àkókò ti lọ. Èkejì, bí ẹ bá ṣì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ ò ní ráyè ka ohun tó wọlé, ìpè ẹlòmíràn tó lè kìlọ̀ fún yín ò sì ní rọrùn láti gbà. Nítorí náà, gbólóhùn "ẹ má gé ìpè" yìí gan-an ni àmì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tòótọ́ ò ní ìṣòro pẹ̀lú kí ẹ gé e kí ẹ pe 300. Ẹ gé e, ẹ pe 300.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn àgbà wa rú. NIN jẹ́ nọ́mbà mọ́kànlá. BVN jẹ́ nọ́mbà mọ́kànlá. Nọ́mbà fóònù náà jẹ́ mọ́kànlá. Bí olè bá ní "ẹ ka nọ́mbà mọ́kànlá yín," ẹlòmíràn á lọ ka BVN. BVN nìkan ò lè gbé owó jáde, àmọ́ ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí olè ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM.

Ó kan títẹ̀. Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn mọ̀ nípa OTP ju èyí lọ.

Ẹni náà ní: "Kí nẹ́tíwọ̀kì yín lè dára sí i, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ pè yìí: sítáà, sítáà, 21, sítáà." Ó wá pe nọ́mbà fóònù kan tẹ̀ lé e, ó ní kí ẹ fi háàṣì parí rẹ̀, kí ẹ tẹ ibi ìpè. Kí lẹ ṣe yẹn? Ẹ ti pàṣẹ fún nẹ́tíwọ̀kì pé gbogbo ìpè tó bá ń bọ̀ wá sórí láìnì yín, kó máa lọ sórí nọ́mbà tó pè fún yín yẹn. Kọ́ọ̀dù tòótọ́ ni. Gbogbo nẹ́tíwọ̀kì GSM lágbàáyé ló ní in, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ìpè rẹ̀ máa lọ sórí fóònù rẹ̀ kejì. Olè kàn ní kí ẹ darí tiyín sọ́dọ̀ òun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà: 61 fún ìgbà tí ẹ ò bá gbé ìpè, 62 fún ìgbà tí fóònù bá wà ní pípa tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, 67 fún ìgbà tí ẹ bá wà lórí ìpè mìíràn.

Ẹ ó ní, "Kí ló kàn mí bí ó bá ń gba ìpè mi?" Ó kàn yín púpọ̀. WhatsApp máa ń fi àyè sílẹ̀ pé bí àtẹ̀jíṣẹ́ ò bá dé, kí wọ́n pe ẹni náà, kí ẹ̀rọ ka nọ́mbà mẹ́fà náà sí i létí. Bí ìpè yín bá ti ń lọ sọ́dọ̀ olè, òun ni ẹ̀rọ á kà á fún. Ẹ̀yin ò ka ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ WhatsApp yín ti lọ. Bí báǹkì bá tún pè láti bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ fi owó kan ránṣẹ́, olè ló máa gbé e, òun ló sì máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

Irú kejì ni kọ́ọ̀dù báǹkì. Gbogbo báǹkì ló ní kọ́ọ̀dù USSD tirẹ̀. Bí a ṣe sábà máa ń fi gbé owó rèé: kọ́ọ̀dù báǹkì, sítáà, iye owó, sítáà, nọ́mbà àkáǹtì ẹni tó máa gbà á, háàṣì. Olè á ní "iye owó" yẹn ni "nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀" yín. Á ní nọ́mbà àkáǹtì tirẹ̀ ni "nọ́mbà síìmù 5G." Á wá ní kí ẹ tẹ PIN yín "láti fọwọ́ sí i." Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé owó náà fún un. Irú kẹta fara jọ ọ́, owó ìpè ló ń gbé lọ dípò owó báǹkì.

Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lórí èyí rọrùn. Kọ́ọ̀dù tí ẹni tó pè yín bá sọ, tó ní sítáà àti háàṣì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Pàápàá bí nọ́mbà gígùn bá wà láàárín rẹ̀, nọ́mbà mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Kọ́ọ̀dù tí ẹ ń fi wo owó ìpè, *310#, kò ní nọ́mbà ẹnikẹ́ni nínú. Èyí tí ẹ ń fi wo dátà, *323#, kò ní in. Bí ẹ bá ti rí nọ́mbà gígùn nínú kọ́ọ̀dù tí àjèjì fún yín, nǹkan kan ń kúrò lọ́dọ̀ yín lọ sórí nọ́mbà yẹn.

Ti gbígbé nǹkan sórí fóònù, ẹ̀yin tó ń lo fóònù ńlá ni mo ń bá wí. Bí wọ́n bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé áàpù nẹ́tíwọ̀kì ni, ẹ má ṣí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé AnyDesk tàbí TeamViewer sórí fóònù kí wọ́n lè bá yín tún un ṣe, ẹni náà á máa wo ojú fóònù yín bí ẹ ṣe ń tẹ PIN. Ẹ gé e, ẹ pe 300.

Ti ẹ̀bùn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: "nọ́mbà yín ti jẹ mílíọ̀nù méjì, ẹ ra káàdì ìpè, ẹ ka nọ́mbà rẹ̀ fún wa." Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fún yín ní mílíọ̀nù méjì, kí ló fẹ́ fi káàdì ₦1,000 yín ṣe?

Àwọn tó ń ta káàdì, ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó máa ní òun ṣèèṣì fi ₦5,000 owó ìpè ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó dà bíi ti nẹ́tíwọ̀kì á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹ tẹ *310# kí ẹ tó dá ohunkóhun padà. Bí owó ìpè yín ò bá lé sí i, kò sí ohun tó wọlé.

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ lójijì

Ìpín kẹta yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé ẹ lè má tíì gba ìpè kankan lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Olè lè lọ gba síìmù tuntun tó gbé nọ́mbà yín. Bó bá rí i gbà, tiyín á dákẹ́, tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo OTP báǹkì á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba síìmù rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì, wọ́n á béèrè NIN. Wọ́n tún sábà máa ń béèrè àwọn nọ́mbà tó ń pè jù, àti iye káàdì tó rà kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: àwọn nọ́mbà tó ń pè jù, àti iye káàdì tó rà kẹ́yìn. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti pè yín rí pé òun ń ṣe ìwádìí fún nẹ́tíwọ̀kì, tó wá bi yín pé nọ́mbà márùn-ún wo lẹ máa ń pè jù? Kì í ṣe ìbéèrè lásán. Ìdáhùn tí òun náà máa lọ fún òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló ń kó jọ lẹ́nu yín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Nẹ́tíwọ̀kì yín lọ, àmọ́ ti ẹni tó jókòó tì yín, tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà, ò lọ. Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá padà, ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ pe nọ́mbà ara yín. Bó bá ń dún lọ́hùn-ún nígbà tí tiyín dákẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má jókòó mọ́. Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ má sọ pé "ó di ọ̀la." Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló rọrùn fún wọn jù, torí ọ́fíìsì ti tì.

Jíjí fóònù náà jọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti fi PIN ti ojú fóònù, ó ti tán. Olè ò nílò ojú fóònù yín. Á yọ síìmù, á kì í bọ inú fóònù kékeré oníná kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ́ọ̀dù báǹkì. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni PIN orí síìmù fúnra rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wa ò tíì tàn rí. Ó wà nínú Settings, lábẹ́ Security, níbi tí wọ́n kọ SIM lock sí. PIN àkọ́kọ́ wà lára ike tí síìmù wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, PUK, ìyẹn nọ́mbà tí a fi ń ṣí síìmù tó bá tì, náà wà níbẹ̀. Ẹ fi PIN àkọ́kọ́ tàn án, kí ẹ wá yí i padà sí tiyín.

Ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá ṣi PIN síìmù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa béèrè PUK, nọ́mbà mẹ́jọ ni. Bí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà kú pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí ike síìmù rẹ̀ ti sọnù, kó má fi orí gbá a. Kó pe 300, kó béèrè PIN àti PUK rẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n bá ti lù, ẹ má bá a wí. Ẹ gbé fóònù yín fún un kó pè. Owó tó kúrò ní àkáǹtì kì í pẹ́ níbi tó kọ́kọ́ bà sí. Wọ́n á pín in sí àkáǹtì mìíràn, ẹnì kan á ti dúró sí ọ̀dọ̀ oní-POS láti gbà á.

Báǹkì ni ẹ máa kọ́kọ́ pè, láti orí fóònù tó mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé: "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ẹ ti àkáǹtì mi. Ẹ kàn sí báǹkì tí owó lọ kí wọ́n dì í mú." Ẹ sọ iye owó, aago tó lọ, àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó gbà á. Lára ìwé ìrísíìtì, nọ́mbà gígùn kan wà tí wọ́n pè ní session ID, ọgbọ̀n ni nọ́mbà rẹ̀. Ẹ kà á fún wọn, òun ni báǹkì méjèèjì fi ń tọpa owó náà. Ẹ gba nọ́mbà ẹ̀sùn yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà á.

Bó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀dù lẹ tẹ̀, ẹ tẹ ##002#. Ó ń pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ WhatsApp ló lọ, ẹ fi nọ́mbà yín wọlé padà lórí fóònù yín, OTP á wá sórí síìmù yín, á sì lé olè náà jáde. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé, àmọ́ òun náà ò ní lè lò ó mọ́. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ pe àwọn ẹbí àti ẹlẹ́gbẹ́ yín, ẹ má fi ìtìjú dákẹ́. "Ẹ bá mi fi ₦50,000 ránṣẹ́, màá dá a padà lálẹ́" ni ohun àkọ́kọ́ tí olè máa kọ sí wọn.

Lẹ́yìn báǹkì, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin wà fún un láti 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Àwọn ọlọ́pàá náà ní ẹ̀ka kan ní àpapọ̀ fún irú ẹ̀sùn yìí. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì lẹ fẹjọ́ sùn sí, tí wọn ò dá yín lóhùn, ẹ pe 622, nọ́mbà NCC nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn fún o, kí ẹ ní nọ́mbà ẹ̀sùn tiwọn lọ́wọ́.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹlòmíràn lè pè pé òun lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ san nǹkan díẹ̀ fún "iṣẹ́." Olè kejì nìyẹn, ó sì lè jẹ́ èkíní tó yí ohùn padà.

Nọ́mbà 300 kì í jáde bí síìmù yín bá ti kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í jáde láti orí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Nẹ́tíwọ̀kì ní nọ́mbà gígùn tí a lè fi fóònù ẹnikẹ́ni pè, báǹkì náà ní i. Ẹ gba méjèèjì ní ọ́fíìsì wọn, kí ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fi bébà náà sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù nìkan. Bí fóònù bá lọ, nọ́mbà náà bá a lọ nìyẹn.

Ó yá, ẹ mú fóònù yín jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dìde, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ dúró ti àga kan, kó ran àwọn àgbà lọ́wọ́, kó má sì bá ẹnikẹ́ni mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ *#21#, ẹ tẹ ibi ìpè. Bí ó bá ní "not forwarded," kò sí ìdarí tó ń kó gbogbo ìpè yín lọ. Ẹ tún tẹ *#62#. Èyí lè fi nọ́mbà kan hàn yín, ó sì lè jẹ́ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ń tọ́jú ohùn sí, nítorí náà ẹ má fò sókè. Àmọ́ bó bá jẹ́ *#21# ló fi nọ́mbà tí ẹ ò mọ̀ hàn yín, ẹ má fi ojú fo ó. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ń lo WhatsApp, kó ṣí Settings, kó wọ Account, kó tan Two-step verification, kó yan nọ́mbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọdún ìbí rẹ̀.

Ti PIN síìmù, ẹni tí ike rẹ̀ bá wà nílé, kó lọ mú un wá lọ́sàn-án, a ṣì máa wà níbí. Ẹni tí *#21# bá fi nọ́mbà àjèjì hàn, kó máa bọ̀ níwájú níbí báyìí pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ dá lóhùn.